Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì dísù kékeré

Ẹni tó bá ń ronú àtira mọ́tò kékeré tó ń mu dísù, tó tún ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, kó fara balẹ̀ ka èyí kó tó kó owó sílẹ̀. N kò ní kó má rà á o. Èmi gan-an ṣì ń wa tèmi títí di òní, òun ló ń gbé ẹ̀lùbọ́ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mo ná lé e lórí, ǹ bá má ná an ká ní ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ṣáájú.

Ẹ̀lùbọ́ àti láfún ni mo ń tà. Mo máa ń kó o jọ láti àwọn abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká, màá gbé e lọ sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, nígbà míì màá já dé Ìlọrin. Mọ́tò tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, epo bẹntiróòlù ló ń mu, bí ẹrù bá sì ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, kí ó gun òkè di ìjà. Ẹnì kan tó ń kó tókúnbọ̀ wọlé láti Kútọnu ló fi èyí hàn mí: mọ́tò Yúróòpù, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, mánúà ni gíà rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí oríṣiríṣi mọ́tò ni wọ́n fi irú ẹ́ńjìnnì yẹn sí, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú kò sì yí ohun tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì padà.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní LAUTECH ló jókòó tì mí, tó bá mi ka ìwé rẹ̀. 1.6 ni wọ́n ń pè é, 1,560 cc ló jẹ́ gan-an. Sílíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 110. Ìyẹn kò jọ mí lójú. Ohun tó jọ mí lójú ni agbára tó fi ń fa ẹrù: 240 Nm, ó sì ti ń mú un jáde láti 1,750 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Mọ́tò bẹntiróòlù 1.6 tí kò ní tọ́bò kì í sábà ju nǹkan bíi 150 lọ, a ó sì ti tẹ̀ ẹ́ títí kó tó dé bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò mi fi ń gbé àpò láfún gun òkè láìsí pé mo ń pààrọ̀ gíà ṣáá. Ní ọ̀nà jíjìn, lítà márùn-ún sí mẹ́fà ń gbé e rìn tó 100 kìlómítà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí inú mi fi dùn nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní lóye àrùn rẹ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Atẹ́gùn ló máa ń fún pọ̀ nínú sílíńdà, ohun tó gba àyè méjìdínlógún yóò di ohun tó gba àyè ẹyọ kan, atẹ́gùn náà yóò wá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí dísù bá ti kàn án, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló ronú rẹ̀. Ìlú Augsburg ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Èyí tó yàtọ̀ nínú ti òde òní ni pé páìpù kan ṣoṣo ló ń kó dísù dúró fún gbogbo nọ́sù, bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí nọ́sù kọ̀ọ̀kan yóò tú u. Láti 1997 ni irú rẹ̀ ti wọ mọ́tò kékeré. Nínú tèmi, ipá tó ti dísù yẹn dé 1,600 bar. Atẹ́gùn tó wà nínú táyà yín, bar méjì àti díẹ̀ ni.

Tọ́bò ńkọ́? Èéfín tó fẹ́ gba síláńsà jáde ni yóò yí abẹ̀bẹ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn yóò yí èkejì tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá tó so méjèèjì pọ̀ lè yí ju 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí bọ́ọ̀lù bíárìn kankan tó gbé e dúró nínú tèmi. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí. Ẹ̀yin náà ẹ fọkàn sí ọ́ìlì yẹn, ibẹ̀ la ń lọ.

Àwọn oṣù àkọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ òórùn èéfín nínú mọ́tò tí mo bá dúró sí Tákìe láàárín àwọn ọlọ́kadà. Mo kọ́kọ́ rò pé èéfín tiwọn ni. Ìgbà tó yá, tí mo bá ń tan mọ́tò láàárọ̀, ohùn kan ń ti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì jáde: ṣù, ṣù, ṣù, ṣù. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohùn náà yóò yára. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì tó ti ń bá mi ṣe mọ́tò àtijọ́.

"Màámi, síláńsà ló bẹ́," ló wí. Wọ́n jó o, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo sanwó. Òórùn náà kò lọ. Ó ní á jẹ́ pé mọ́tò Yúróòpù bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dún. Èmi náà gbà, torí mọ́tò ń sáré, ó ń gbé ẹrù, owó ń wọlé.

Ohun tó ń dún yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀, a kò sì mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ṣù-ṣù lára ẹ́ńjìnnì dísù, tí òórùn èéfín sì ń bá yín nínú mọ́tò, ẹ yọ ike tó bo ẹ́ńjìnnì lórí, kí ẹ wo ìdí àwọn nọ́sù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó yọ tèmi.

Iná ẹ́ńjìnnì wá tàn. Mọ́tò kò lágbára mọ́, bí mo ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Wọ́n pe ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ mọ́tò wò, ó ní atẹ́gùn tó ń ti tọ́bò wọlé kò tó. Wọ́n tú fáàfù tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n fọ dúdú tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ní tòótọ́, ó dúdú, ó sì yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Fáàfù yẹn máa ń dí lára ọ̀pọ̀ dísù òde òní. Wọ́n pa iná náà, agbára padà díẹ̀, a lọ sílé. Kọ̀ǹpútà kì í sọ ohun tó bàjẹ́ o. Ohun tó rí ló ń sọ. Ó rí i pé atẹ́gùn kò tó. Kò rí ìdí tí kò fi tó.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo ń lọ sí Ọ̀yọ́, ẹrù wà lẹ́yìn. Mo ti kọjá Odò Ọbà, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ya tírélà kan sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá iwájú rẹ̀ ni mo gbọ́ tí tọ́bò hú, lẹ́yìn náà ni èéfín funfun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa búlúù bo gbogbo ọ̀nà lẹ́yìn mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i. Mo yọ gíà, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fà á yọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì sì ń ké bí ẹni pé ó fẹ́ fò jáde.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sá wọ inú koríko. Awakọ̀ tírélà tí mo yà sílẹ̀ ló dúró, tó sáré wá. "Ìyá, mánúà ni àbí ọ́tò?" Mo ní mánúà. Ó wọlé, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ki gíà sí márùn-ún, ó sì tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò fò díẹ̀, ó gbọ̀n, ó kú.

Ó ní òun ti rí i lára tírélà rí. Ọ̀pá tọ́bò ti dá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gba ojú páìpù atẹ́gùn wọ sílíńdà, ẹ́ńjìnnì sì ń fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo. Kọ́kọ́rọ́ kò lè pa á, torí dísù nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ń dá dúró, kò sì sí iná púlọ́ọ̀gì tí ẹ óò pa. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò sáré títí ọ́ìlì yóò fi tán, tí inú rẹ̀ yóò fi fọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ohun tí awakọ̀ yẹn ṣe sórí kí ẹ tó nílò rẹ̀: bíréèkì, gíà tó ga jù, kí ẹ wá jáwọ́ ní kílọ́ọ̀ṣì. Tó bá jẹ́ ọ́tò, kò ní ṣe é ṣe. Àfi kí wọ́n dí ẹnu ibi tó ń gba atẹ́gùn pẹ̀lú pákó tó le. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, ẹ má fi aṣọ dí i, yóò fà á wọlé. Tí ó bá sì ti ń sáré kọjá agbára rẹ̀ jìnnà, ẹ sá fún un. Irin máa ń fò jáde.

Wọ́n fà mí padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹrù tó wà lẹ́yìn, mo fi ọkọ̀ ẹlòmíì gbé e lọ, èrè ọjọ́ náà sì bá owó ọkọ̀ lọ.

Mo ra tọ́bò tókúnbọ̀ ní Gate, n'Íbàdàn. Wọ́n gbé e wọ̀, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, mo dúpẹ́. Kò pẹ́ rárá tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí hú. Ẹni tó tà á fún mi ní mẹ́káníìkì ni kò mọ̀ ọ́n gbé wọ̀. Mẹ́káníìkì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì, mo ń fi owó ẹ̀lùbọ́ parí ìjà tí n kò mọ orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi tó bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn. Tọ́bò náà dára nígbà tí wọ́n gbé e wọ̀. A gbé e sínú ibi tí èyí tó kọ́kọ́ kú kú sí, láìbéèrè ohun tó pa á.

Oníbàárà mi kan ní Ìlọrin ló júwe ọ̀gá kan fún mi, àgbà ọkùnrin tó jẹ́ pé dísù nìkan ló ń ṣe. Kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo dé. "Ìyá wa, tọ́bò tó kọ́kọ́ kú dà?" Ó ṣe oore pé mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpò lẹ́yìn mọ́tò. Ó yọ ọ̀pá rẹ̀, ó fi hàn mí: àwọ̀ rẹ̀ ti di búlúù. Ó ní tó bá jẹ́ pé òkúta tàbí irin ló wọ inú rẹ̀, ẹnu abẹ̀bẹ̀ ni ì bá ti ṣá. Ọ̀pá tó bá di búlúù, iná ló jó o, ohun tó sì ń mú iná jó o ni àìrí ọ́ìlì.

Ìgbà yẹn ló wá lọ sára mọ́tò. Ó tú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì lọ sórí tọ́bò. Nínú bóòtù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Ó dí pa. Ó yọ ike orí ẹ́ńjìnnì, ohun dúdú tó ti gan, tó ń dán bí ọ̀dà, yí ìdí nọ́sù méjì ká, ó le débi pé ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi họ ọ́.

Ó wá tò ó fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, wáṣà bàbà kékeré kan ló ń dí ẹnu ihò, kí iná sílíńdà má bàa jáde. Nígbà tí wáṣà náà ti rẹ̀, èéfín gbígbóná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá: òun ni ṣù-ṣù, òun ni òórùn tó ń bá mi nínú mọ́tò. Èéfín yẹn ń wọnú ọ́ìlì, ó ń sè é di èédú. Èédú ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ páànù ọ́ìlì, ó ń dí asẹ́ tí pọ́ǹbù ń gbà fa ọ́ìlì, ó sì ń lọ dí asẹ́ tọ́bò. Ọ́ìlì kò dé orí tọ́bò mọ́. Pípààrọ̀ ọ́ìlì nìkan kò kó èédú yẹn kúrò, torí náà tọ́bò kejì pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Wáṣà bàbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, owó wọn kò tó owó àpò láfún kan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ iṣẹ́ tó ṣe, torí mẹ́káníìkì tó bá ń kánjú yóò sọ fún yín pé tọ́bò nìkan tó. Ó yọ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí le, ó wọ́n epo sí ìdí wọn, ó sì dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n má bàa dá sínú ihò. Ó họ ibi tí wọ́n jókòó sí títí ó fi mọ́, torí wáṣà tuntun lórí ìdọ̀tí yóò tún yọ èéfín. Wáṣà tuntun, bóòtù tuntun. Ó sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, ó kó èédú inú rẹ̀ jáde, ó fọ asẹ́ pọ́ǹbù. Páìpù ọ́ìlì tọ́bò, kò fọ̀ ọ́, tuntun ló ní kí n rà, irú èyí tí kò ní asẹ́ nínú. Ó da ọ́ìlì tó ti kún inú kúlà tó ń mú kí atẹ́gùn tọ́bò tutù nù, nítorí ìyókù ọ́ìlì ibẹ̀ lè mú kí ẹ́ńjìnnì tún sá bíi ti ọjọ́ Odò Ọbà. Kó tó so tọ́bò mọ́ ọn tán, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí, ó sì fi ike gba ọ́ìlì tó ń ti ibẹ̀ padà, kó lè fojú rí i pé ó ń ṣàn. Ó pe èmi náà pé kí n wá wò ó. Lẹ́yìn tí mo ti wà á díẹ̀, ó tún ní kí n wá da ọ́ìlì tuntun yẹn nù, kí a rọ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì gan-an. Inú ìwé tó wá pẹ̀lú mọ́tò, ó wà níbẹ̀ pé ká pààrọ̀ rẹ̀ ní 20,000 kìlómítà. Yúróòpù ni wọ́n kọ ìyẹn fún, pẹ̀lú ọ̀nà wọn àti dísù wọn. Láti 2009, sọ́fọ̀ (sulphur) inú dísù wọn kò gbọdọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Nílé wa, 3,000 ni òfin gbà láyè tẹ́lẹ̀, ìgbà tó di December 2016 ni Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó fẹnu kò láti mú un wálẹ̀ sí 50. Sọ́fọ̀ yẹn ń di ásíìdì nínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì yìí kò sì tó nǹkan, kò pé lítà mẹ́rin, kí ó dọ̀tí kò le. 5,000 kìlómítà ni mo ń pààrọ̀ tèmi. 5W-30 tí wọ́n kọ C2 sí lára agolo ni mo ń rà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ìlì inú dúrọ́ọ̀mù tàn mí mọ́, bó ti wù kó dán tó.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Ọjọ́ kan mo fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì, mo rí i pé ọ́ìlì ti ga sí i. Inú mi dùn, mo pe ọmọ mi. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Màámi, dísù wà nínú rẹ̀." Inú síláńsà irú mọ́tò yìí, asẹ́ kan wà tó ń mú ẹ̀gbin dúdú inú èéfín. Tó bá kún, ẹ́ńjìnnì yóò tú dísù kún un láti fi jó o, ó sì nílò kí mọ́tò máa sáré ní ọ̀nà gbọọrọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Oṣù yẹn, ọjà Ọ̀yọ́ kò lọ, láti ilé sí Sábó, láti Sábó sí Ọjà Jágun ni mo ń wà á kiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jó o, màá pa mọ́tò, dísù tí kò rí iná yóò ṣàn sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí dísù ti dà pọ̀ mọ́ kò lè gbé ọ̀pá tọ́bò dúró. A dà á nù lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé àárín ìgboro nìkan ni ẹ ń wà, láti Caretaker dé Oríta Náírà, láti ibẹ̀ padà sílé, ẹ ra mọ́tò bẹntiróòlù. Èyí kì í ṣe tiyín.

Ní ti dísù, ilé epo tí àwọn tírélà ń tò sí ni mo ń lọ, torí dísù ibẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. N kì í ra ti inú kẹ́gì. Bí mo bá wà níbi tí mi ò mọ̀, màá gba díẹ̀ sínú ìgò funfun, màá gbé e kalẹ̀. Omi yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Pọ́ǹbù irú ẹ́ńjìnnì yìí, dísù fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣe ọ́ìlì ara rẹ̀, nítorí náà omi tàbí kẹrosíìnì tí wọ́n pò mọ́ ọn yóò jẹ ẹ́ run, irin rẹ̀ yóò sì kó sínú gbogbo nọ́sù. Mi ò jẹ́ kí táńkì mi gbẹ. Mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀, kí n dúró ti ọmọ tó ń ta epo: "Dísù ni o, ọmọ mi, dísù!" Ní 2022, nígbà tí dísù fò láti nǹkan bíi ₦300 kọjá ₦700 lítà kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á. Ohun tó jẹ́ kí n dúró ni pé àwọn tó wá rà á kò fẹ́ san ohun tí mo ti ná.

Nísinsìnyí, bí mo bá ti ọ̀nà dé, mo máa ń jẹ́ kó yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí n tó pa á, kí tọ́bò má bàa dúró nínú gbígbóná láìsí ọ́ìlì tó ń ṣàn. Àwọn ọmọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹ bá lọ wo irú rẹ̀ láti rà, ẹ dé lójijì, kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Ẹni tó bá ti tan mọ́tò gbóná sílẹ̀ kí ẹ tó dé ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ yọ ike orí ẹ́ńjìnnì fúnra yín, kí ẹ wo ìdí nọ́sù. Ẹ tan iná síbẹ̀. Tí dúdú bá wà, ẹ gbé iye tí wọ́n fi ń yọ nọ́sù, tí wọ́n fi ń sọ páànù kalẹ̀, kúrò nínú owó tí wọ́n pè, tàbí kí ẹ máa lọ. Ẹ fa páìpù atẹ́gùn tó ti tọ́bò jáde, ọ́ìlì díẹ̀ kò burú, èyí tó bá ń kán burú. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ táímìn bẹ́lìtì. Bí kò bá sí ìwé, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi gun ọ̀nà Ìbàdàn, torí tó bá já, fáàfù àti písítọ̀nù yóò pàdé. Mẹ́káníìkì tí ẹ bá mú dání, kó jẹ́ ẹni tó ti tú irú rẹ̀ rí, kí ó sì jẹ́ ẹni tó gbà láti kó gbogbo ohun tó bá yọ fún yín, kí ẹ gbé e lọ sílé.